Èédú Tó Dí, Èédú Tó Yó

Ẹni tó bá ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ sínú àpótí gíláàsì kò ní í pẹ́ bá ìbéèrè yìí pàdé. Nínú asẹ́ tí omi ẹja ń gbà kọjá, àpò kékeré kan wà tí èédú wínníwínní kún inú rẹ̀. Ẹni tó tà á ní kí a máa pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Owó sì ni. Ṣé a kò lè fọ̀ ọ́, kí a yan án lórí iná, kí a tún dá a padà? Ìdáhùn pọ̀ jàǹtìrẹrẹ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bí a ṣe lè fi Yorùbá dá ẹni tó ń gbé Glei, ní Togo, lóhùn, tí kò fi ní í ṣì wá gbọ́, tí kò sì ní í fi ẹja rẹ̀ ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò. Ẹja kribensis, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Pelvicachromis pulcher, láti inú odò gúúsù Nàìjíríà ló ti dé inú àpótí gíláàsì ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ẹja wa ló lọ. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ ni a wá ń yá lọ́wọ́ òyìnbó.

Mo mú Glei nítorí pé kò sí ẹni tí a ní láti ṣàlàyé èédú fún níbẹ̀. Ìlú náà wà lójú ọ̀nà ńlá tó ti Atakpamé gba Anié lọ sí àríwá Togo, láàárín àwọn Ifẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní Ana, àwọn tó ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti ṣí wá. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ gba ọ̀nà yẹn rí yóò ti rí àpò èédú tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń dúró de ọkọ̀ Lomé.

Ẹni tó ń sun èédú lágbègbè náà mọ ìdajì iṣẹ́ tí à ń sọ yìí láìka ìwé kankan. Yóò kó igi jọ, yóò fi koríko àti ewé bò ó, yóò fi erùpẹ̀ dí i pa, yóò wá ti ojú kan finá sí i. Ó mọ̀ pé bí erùpẹ̀ bá là tí afẹ́fẹ́ sì ráyè wọlé, eérú ni òun máa bá níbẹ̀. Iná tí kò rí afẹ́fẹ́ gbà ló ń sọ igi di èédú. Iná tó rí afẹ́fẹ́ gbà ló ń sọ èédú di eérú. Kí a fi gbólóhùn yìí sọ́kàn títí a óò fi dé ọ̀rọ̀ yíyan.

Ìdajì kejì jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Wọn a mú èédú igi tàbí ti èèpo àgbọn, wọn a tún un sun nínú ìléru tó pa dé, ní ooru tó tó dígírì 800 sí 1000, wọn a sì máa fẹ́ ooru omi sí i. Ooru omi yìí ni yóò jẹ èédú náà nínú títí tí yóò fi kún fún ihò tí ojú kò lè rí. Àwọn mìíràn a máa fi ásíìdì rẹ ohun tí wọ́n fẹ́ sun, kí iná tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, àwọn tó kéré jù nínú ihò náà kò fẹ̀ ju méjì nínú rẹ̀ lọ. Bí a bá wá tẹ́ ògiri gbogbo ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀, ó lè tó mítà onígun mẹ́rin 500 sí 1500. Gíráàmù mẹ́jọ èyí tó dáa tó láti bo pápá bọ́ọ̀lù.

Kí la máa pè é? Faransé ní charbon actif. Ẹni tó bá tú u bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ yóò ní "èédú alágbára" tàbí "èédú tó jí". N kò fẹ́ èkíní, nítorí pé létí alágbẹ̀dẹ, èédú igi líle tó ń gbóná pẹ́ lèédú alágbára. Èkejì tún léwu jù ú lọ. Ohun tó jí lè sùn, ohun tó sùn ṣeé jí. Orúkọ bẹ́ẹ̀ á máa tan oní-ẹja pé iná díẹ̀ lórí àdògán yóò jí èédú rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni.

"Èédú amómimọ́" dùn lẹ́nu, ó sì bá ìṣe èdè wa mu. Bí a ṣe rí amúlétutù náà nìyẹn. Àmọ́ ó ń ṣèlérí ohun tí kò lè mú ṣẹ. Èédú yìí kì í yọ iyọ̀ kúrò nínú omi. Amóníà tó ń ti ara ẹja jáde, tó máa ń pa ẹja nínú àpótí tuntun, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Ohun tó mọ̀ ọ́n mú ni àwọ̀, òórùn, klórínì inú omi ẹ̀rọ, àti oògùn. Ẹni tó bá sì gbọ́ "amómimọ́" lè sọ pé kí òun kúkú fi sínú omi tí òun ń mu. Ní ti "afàmọ́ra", ọkàn ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò lọ sórí òòfà, tàbí sórí oògùn ìfẹ́.

Èyí tí mo fara mọ́ ni "èédú elégbèje ihò". Egbèje níbí yìí kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni jókòó kà. Ohun tó pọ̀ kọjá kíkà ni, bí a ṣe ń pe oníṣègùn ní elégbèje àdó. Ó gùn díẹ̀, àmọ́ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà lè gé e kù sí "elégbèje", ọ̀rọ̀ á sì yé ara wọn. Èrè rẹ̀ ni pé orúkọ náà fi ibi tí iṣẹ́ wà hàn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ihò yóò béèrè fúnra rẹ̀ pé kí ló ń wọ inú rẹ̀, àti pé ìgbà wo ló ń kún.

Kí ló ń wọ inú rẹ̀, báwo ló sì ṣe ń dúró síbẹ̀? Níbí, èdè àwọn òyìnbó gan-an ta kókó. Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́mísírì, ti rí i ní 1773 pé èédú ń gba gáàsì sára. Ní 1785, Johann Tobias Lowitz, onímọ̀ kẹ́mísírì bíi tirẹ̀, rí i ní St. Petersburg pé ó ń yọ àwọ̀ kúrò nínú omi. Síbẹ̀, ó di 1881 kí ọ̀rọ̀ adsorption tó jáde nínú ìwé Heinrich Kayser, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà á sọ́tọ̀ sí absorption tó ti wà tipẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pe ọ̀kan fún èkejì títí dòní. Yorùbá kò ní wàhálà yìí rárá. Òwú a máa fa omi mu: omi wọ inú rẹ̀ lọ, ó rin gbingbin. Ìwé ìpolongo ìbò a máa lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní ìwé ìlẹ̀mógiri. Ìkejì yìí ni ti èédú. Ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ògiri ihò. Ìfàmu nìyẹn, ìlẹ̀mọ́ nìyí. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò ní ṣì wọ́n gbọ́.

Asẹ́ ló rọrùn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, ó wà nílé gbogbo ẹni tó ń sẹ́ ògì. Ṣùgbọ́n fóòmù inú ẹ̀rọ náà ló ń sẹ́ omi, èédú kì í sẹ́ ẹ. Asẹ́ a máa dá ohun tó tóbi ju ihò rẹ̀ lọ dúró. Elégbèje a máa gba ohun tó kéré ju ihò rẹ̀ lọ wọlé, a sì dì í mú síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí fóòmù fi gbọ́dọ̀ ṣáájú èédú lójú ọ̀nà omi. Bí èédú bá ṣáájú, ìgbẹ́ ẹja àti àjẹkù oúnjẹ á bo ẹnu ihò.

Èyí ló mú wa dé ọ̀rọ̀ méjì tí mo gbà pé gbogbo ìdáhùn rọ̀ mọ́. Èédú lè dí, èédú sì lè yó. Ó dí nígbà tí ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹja bo ẹnu ihò láti ìta. Ó yó nígbà tí ògiri inú ihò kò ní àyè mọ́ fún ohun tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó ń kọ ìwé ìlò sára páálí sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo méjèèjì, wọ́n á ní èédú ti lò tán. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ní òun fọ̀ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́, ẹlòmíràn ní òun fọ̀ ọ́, kò ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ti ẹni àkọ́kọ́ dí ni, ti ẹnì kejì ti yó.

Èyí tó dí ṣeé fọ̀. Bu omi inú àpótí ẹja sínú ike, gbọn àpò náà sínú rẹ̀ títí ẹrẹ̀ yóò fi jáde, kí o dá a padà. Èyí tó ti yó, kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ mọ́. Iná ni wọ́n sábà máa ń fi lé ohun tó ti lẹ̀ mọ́ inú ihò bẹ́ẹ̀ kúrò. Irú iná wo? Níbí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa ti ń ṣe wá láǹfààní. Bí a bá ní à ń se nǹkan, omi wà láàárín, ooru kò sì ní í kọjá dígírì 100. Bí a bá ní à ń yan nǹkan, bíi ẹ̀pà tàbí gúgúrú, ooru gbígbẹ ni, ààrò inú ilé kò sì sábà ju dígírì 250 lọ. Bí a bá ní à ń sun nǹkan, iná ti dé ara rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń sọ elégbèje dọ̀tun, sísun ló ń sun ún, ní bíi dígírì 800, nínú ìléru tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, tí ooru omi sì tún ń fẹ́ sí i. Kò sè é, kò yan án.

Sísè lè lé díẹ̀ nínú òórùn tí kò lẹ̀ dáadáa. Yíyan lè lé omi, àti díẹ̀ sí i. Kò sí èyí tó kápá àwọ̀ igi tàbí oògùn tó ti wọ inú ihò lọ. Bí ẹnì kan bá wá ní òun á kúkú sun ún lórí àdògán, kí ó rántí ohun tí ẹni tó ń sun èédú ní Glei mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ àti eérú. Á jó tán lójú rẹ̀ ni. Bí ó bá sì ṣe é nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, gáàsì olóró tí kì í rùn, tó máa ń ti ara èédú tó ń jó jáde, lè pa á. Nítorí náà, kí a má fi "àtúnlò" bo gbogbo rẹ̀. Àtúnfọ̀ jẹ́ ti ilé, àtúnsun jẹ́ ti ilé iṣẹ́.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó ti yó? Omi ló ń sọ ọ́. Bí igi bá wà nínú àpótí, omi tó ti mọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Gbé ìwé funfun sẹ́yìn gíláàsì, wàá rí i. Kàlẹ́ńdà kò tó láti sọ ọ́, nítorí pé àpótí tí igi àti ẹja pọ̀ nínú rẹ̀ á tètè mú un yó ju èyí tí omi rẹ̀ mọ́ lọ. Bí o bá sì fẹ́ da oògùn sómi fún ẹja tó ń ṣàìsàn, kọ́kọ́ yọ èédú náà, torí pé èyí tí kò tíì yó yóò gba oògùn náà mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Èyí tó yó kò tíì kú. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tó fi wà nínú omi, kòkòrò àìfojúrí ti kọ́lé sí ara rẹ̀, àwọn kan nínú wọn ló sì ń sọ amóníà di ohun tí kì í tètè pa ẹja. Bí o bá fi í sílẹ̀ nínú asẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà, orúkọ náà sì yẹ kó yí padà: ẹ jẹ́ kí a pè é ní ibùwọ̀ kòkòrò. Ẹni tó bá gbé e lọ sè pàdánù lọ́nà méjì, nítorí pé èédú rẹ̀ kò dọ̀tun, kòkòrò rẹ̀ sì kú. A tún lè dà á sí ìdí òdòdó, àyàfi bí a bá ti da oògùn tó ní bàbà sínú omi ẹja náà. Irú ìyẹn kò gbọdọ̀ dé orí ebè ẹ̀fọ́.

Ohun kan wà tí kò gba àwàdà. Ilé ìwòsàn náà ní elégbèje tiwọn, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà mọ́ àwọn oògùn tó pọn dandan, fún ẹni tó bá gbé májèlé jẹ. Wọ́n ṣe ìyẹn fún ikùn ènìyàn. Èyí tó ti inú àpótí ẹja jáde kò gbọdọ̀ kan ẹnu ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò omi mímu, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ẹni tó bá ń tà á ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kó wà lára páálí rẹ̀: Èédú elégbèje ihò, ti ẹja nìkan. Bí ó bá dí, fọ̀ ọ́. Bí ó bá yó, pààrọ̀ rẹ̀. Má sè é, má yan án.

Fífi Yorùbá sọ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Ní 1984, apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde, Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, ni olóòtú rẹ̀. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló dá lé. Iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké bí èyí kò sí níbẹ̀, àwa tó ń lò ó ló kù fún. Àwọn Ifẹ̀ Togo sì ń fi ɛ àti ɔ kọ èdè wọn, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà bá ti Ìbàdàn mu, kò sì yẹ kí Ìbàdàn máa fún wọn ní ọ̀rọ̀ bí ẹni ń pín ìwé owó orí. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Glei àti Atakpamé, ẹ mú elégbèje, ìlẹ̀mọ́, dí àti yó tọ àwọn tó ń sun èédú lọ. Èyí tí kò bá bá ẹnu Ifẹ̀ mu nínú wọn, ẹ sọ ọ́ nù, kí ẹ sì fi tiyín rọ́pò rẹ̀.