Àdììtú àbí Àdìtú? Orúkọ Tí Ó Yẹ Eré Tí Ń Dá Ọ̀ta Dúró

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sọ eré orí fóònù àti ti kọ̀ǹpútà lórúkọ lóde òní, ilé onílé ni wọ́n ń wò, ìdí nìyẹn tí orúkọ tí wọ́n ń mú wá kì í fi í mọ́ ọmọ náà lára. Ó dùn mí wọra nígbà tí mo rí i tí ẹnì kan pe àwọn eré tí ń mú ènìyàn ronú títí ilẹ̀ yóò fi ṣú ní ‘eré atẹ̀ọpọlọ’. Igi tútù ni Yorùbá ń tẹ̀, a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ kòkòrò mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó gbọ́ ọ rí pé a tẹ ọpọlọ ènìyàn? Gẹ̀ẹ́sì ni ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí bí a ti ṣe lè se ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò la ariwo lọ. Kí ‘géèmù’ máa jẹ́ géèmù, gẹ́gẹ́ bí lúdò ti jẹ́ lúdò. ‘Ìpele’ dára. Ẹni tí ó ń ta á, ọ̀ta ni kí a pè é bí a ti ń pe akọni nídìí ọpọ́n ayò, kí a fi ‘òṣèré’ sílẹ̀ fún àwọn onítíátà. Eré tí a fi ń pa ojú rẹ́ nígbà tí a bá ń retí ọkọ̀, irú Candy Crush Saga tí ilé-iṣẹ́ King gbé jáde ní 2012, níbi tí a ti ń to súìtì mẹ́ta aláwọ̀ kan náà kí wọ́n lè pòórá, ‘eré ìgbafẹ́’ tó o. Ẹ má ṣe pè é ní eré ìdárayá, nítorí ara tí ń làágùn ni ó ni ìdárayá. Tetris pàápàá, tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow ní 1984, ìgbafẹ́ ni mo kà á sí, bí ó tilẹ̀ ń lé ènìyàn léré: ojú àti ọwọ́ ni ó ń dán wò ju èrò lọ.

Ibi tí ìjà wà ni orúkọ ìkejì, ti irú eré tí ń mú ènìyàn ronú. Àwọn kan ní kí a pè é ní ‘eré àlọ́’. Mo bọ̀wọ̀ fún àlọ́ àpamọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí orógùn rí láyé rẹ̀ kò lè túmọ̀ àlọ́ orógùn, bí a tilẹ̀ pa á fún un títí di òwúrọ̀, nítorí ìmọ̀ tí a ti ní tẹ́lẹ̀ ni àlọ́ ń béèrè. Ẹ wo Baba Is You, tí Arvi Teikari, ará Fínlándì, gbé jáde ní 2019. (Baba tí ibẹ̀ wí kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni, ẹranko funfun kékeré kan ni.) Òfin eré náà wà lójú pátákó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀: mẹ́ta tí ó tò lórí ìlà kan ń sọ pé kí ògiri máa dí ọ̀nà. Bí ọ̀ta bá ti ọ̀kan nínú wọn kúrò lórí ìlà, òfin bàjẹ́, ẹranko náà a sì gba àárín ògiri kọjá. Gbogbo ohun tí ó nílò ni ó wà níwájú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wíwò ni kò wò ó bí ó ti yẹ.

Èyí ni ó mú àwọn mìíràn lọ bá ‘àdììtú’, ọ̀rọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ ọlọ́lá, tí D. O. Fágúnwà fi ṣe orúkọ ìwé ní 1961. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀. ‘Dì’ ni ó ṣáájú, ‘tú’ ni ó kẹ́yìn, ‘àì’ tí ń kọ ọ̀rọ̀ ni ó há sáàárín wọn tí ó sọ ohùn di gígùn: ohun tí a dì tí a kò lè tú. Ti Olódùmarè nìyẹn! Eré tí ọmọ ènìyàn ṣe, tí ó sì ní ojútùú, kò lè jẹ́ orúkọ yẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a yọ ‘àì’ kúrò, kí ó ku ‘àdìtú’. Bí ‘àpamọ̀’ ti jẹ́ èyí tí a pa kí a lè mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni ‘àdìtú’ yóò jẹ́ èyí tí a dì kí a lè tú u. Wọ́n lè ní òǹkàwé yóò ṣi í gbọ́. Ṣùgbọ́n etí Yorùbá tí ń ya àmọ̀ọ́mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àìmọ̀ọ́mọ̀ kò ní ṣàìya àdìtú sọ́tọ̀ kúrò lára àdììtú.

Ẹ sì wo bí ilé rẹ̀ ti kún. Ẹni tí ó ṣe eré ni adì. Ìṣòro kọ̀ọ̀kan ni kókó. Nínú Sokoban, tí Hiroyuki Imabayashi gbé jáde ní Jàpáànù ní 1982, níbi tí olùṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ti lè ti àpótí ṣùgbọ́n tí kò lè fà á, ọ̀ta tí ó bá ti àpótí wọ kọ̀rọ̀ tí kì í ṣe àyè rẹ̀ ti fún kókó náà pa fúnra rẹ̀, àfi kí ó tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì fi ọ̀nà díẹ̀ hàn án, ó ta á lólobó nìyẹn, ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ kí kọ̀ǹpútà tó dé, tí kò sì fẹ́ àtúnṣe kankan.