Ẹni Tí Oyè Tọ́ Sí àti Ilé Tó Kàn: Ìfèsì Lórí Ìjogún Oyè Tìmì

Akẹgbẹ́ wa kan nínú ìmọ̀ ìtàn ń tẹnu mọ́ ọn pé àwọn Yorùbá kò ní òfin ìjogún oyè kí òyìnbó tó dé. Ó ní agbára àti owó nìkan ló ń gbé ọmọ ọba gorí àpèrè. Ìdílé Alpin ti Skọ́tlándì ló fi ṣe òdiwọ̀n, níbi tí, gẹ́gẹ́ bó ti wí, bàbá ti ń fi adé lé ọmọ lọ́wọ́. A kò gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tìmì ni oyè ọba Ẹdẹ, ìlú Yorùbá tí Ọlọ́fà-iná tẹ̀ dó.

Ẹ jẹ́ ká ti Skọ́tlándì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Kenneth mac Alpin kú ní 858, Donald àbúrò rẹ̀ ló jọba. Lẹ́yìn náà ni Constantine àti Áed, àwọn ọmọ Kenneth, jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àtọmọdọ́mọ àwọn méjèèjì sì wá ń pín adé láàárín ara wọn. Láti 943, Malcolm Kìíní jẹ láti ilé Constantine, Indulf láti ilé Áed, Dub láti ilé Constantine, Cuilén láti ilé Áed, Kenneth Kejì láti ilé Constantine. Kí ni bí oyè Tìmì ṣe ń yí láti ilé dé ilé ní Ẹdẹ fi yàtọ̀ sí èyí? Malcolm Kejì ló da ètò náà rú, tí Duncan, ọmọ tí ọmọbìnrin rẹ̀ bí, fi jẹ ní 1034. Macbeth sì pa Duncan ní 1040. Ní 1093 pàápàá, Donald Bán, àbúrò ọba tó wàjà, ló kọ́kọ́ gba adé.

Níbi tí àṣìṣe akẹgbẹ́ wa ti wá gan-an nìyí: ó da ẹ̀tọ́ méjì pọ̀. Ẹ̀tọ́ ẹ̀jẹ̀ ń bi wá pé, ta ni ọmọ ọba? Ẹ̀tọ́ ìtò ń bi wá pé, ilé wo ló kàn? Ìlú lè fẹnu kò lórí èkíní, kó sì tú ká lórí èkejì. Nígbà tí ìdílé ọba Skọ́tlándì kò lárólé mọ́ ní 1290, kò sí ẹni tó jiyàn pé John Balliol àti Robert Bruce kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọba. Ọmọ-ọmọ àkọ́bí obìnrin David ti Huntingdon ni Balliol. Ọmọ tí àbúrò obìnrin náà bí ni Bruce. Ọ̀kan ní ipò àgbà, èkejì súnmọ́ orísun jù. Edward Kìíní ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún. Ó dá a fún Balliol ní 1292, ó sì ti lo ẹjọ́ náà láti sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí wọn.

Ọ̀yọ́ náà rí irú rẹ̀. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, kò sọ pé Adélù kì í ṣe ọmọ Aláàfin Àtìbà. Ohun tó ní ni pé Àrẹ̀mọ, ìyẹn àkọ́bí Aláàfin, kì í jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀, bíbá a kú ló yẹ. Kíkọ̀ tó kọ̀ ọ́ ní 1859 wà lára ohun tó fa ogun Ìjàyè. Ibi tí kò sí òfin, kí ni Kúrunmí ń sọ pé wọ́n rú?

Ní Ẹdẹ, Adétóyèṣe Láoyè gorí oyè ní 1946. Memudu Lágúnjú, tí òun náà ń du oyè náà, pe Olúbàdàn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́jọ́, nítorí pé abẹ́ Ìbàdàn ni Ẹdẹ wà nígbà náà. Ẹjọ́ náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá a ní 1952, Láoyè sì wà lórí oyè títí di 1975. Òfin ìjọba amúnisìn ti sọ Gómìnà di adájọ́ kan ṣoṣo lórí ohun tó bá àṣà mu. Edward mìíràn rèé. Òfin Oyè Jíjẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n kọ iye ilé ọlọ́ba, orúkọ wọn àti ìtò wọn sílẹ̀.

A kò ní sọ pé àríyànjiyàn ti parí. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ohun tí òyìnbó bá níbẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ẹ̀jẹ̀ àti ẹnu àwọn afọbajẹ. Ìtò tí a ń kà lórí ìwé lónìí ni wọ́n sọ di líle bí irin. Àìní òfin kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀rí kan wà tí ilé ẹjọ́ kì í béèrè: ìlù. Láoyè fúnra rẹ̀ mọ dùndún lù, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Oríkì ilé kọ̀ọ̀kan tí àwọn àyàn ń lù láàfin ń to baba lé baba. Bí a bá gbà á sílẹ̀ láti ilé dé ilé, tí a sì fi í wé ìwé tí òfin 1957 bí, a ó rí ibi tí àwọn méjèèjì ti ta kora. Iṣẹ́ tí a dáwọ́ lé báyìí nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn àyàn àgbà ní Ẹdẹ la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.