Owó Ẹyọ Ọrùn Ọmọbìnrin

Ní ọdún 2010, nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣakí, mo gba ìwé kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tí ó fi í pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀. Ìwé náà ti gbó débi pé òwú dúdú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti rí orúkọ ọmọbìnrin mẹ́sàn-án, olúkúlùkù pẹ̀lú ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ gbé ìwé náà fún ẹni tí ó kàn. Mo sọ fún ọmọ náà lójú gbogbo kíláàsì pé pàǹtí ni ohun tí ó ń kà. Mo mú ìwé náà lọ sílé, mo sì kà á tán ní òru méjì. Láti ọjọ́ náà, n kò tún rí ìwé kankan lọ́wọ́ ọmọ náà mọ́ àfi èyí tí a ó fi ṣe ìdánwò, títí ó fi jáde. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ni àwọn mẹ́sàn-án wọ̀nyí ń wá nínú ìwé tí èmi kà sí pàǹtí?

Twilight ni àkọlé ìwé náà. Stephenie Meyer, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, ọdún 2005 ni ó sì jáde. Bella, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, lọ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní ìlú kékeré kan tí òjò ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Edward. Edward kì í ṣe ènìyàn bí tiwa. Ó ti kú, kò sì kú; ẹ̀jẹ̀ ni oúnjẹ irú wọn, ṣùgbọ́n òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ti fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀, ti ẹranko ni wọ́n ń mu. Nígbà tí ó fi di ọdún 2008, ìwé kan ti di mẹ́rin. Láìpẹ́ sí ìgbà náà, iye tí wọ́n tà lágbàáyé ti ju 100 mílíọ̀nù lọ. Ní ọdún 2009, Stephen King, àgbà òǹkọ̀wé ìtàn abanilẹ́rù ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní gbangba pé obìnrin náà kò mọ ìwé kọ. Èmi kò lè bá a jiyàn. Ẹwà ojú Edward ni a ń sọ tí a tún ń sọ títí ó fi ń sú ni. Ojú ewé púpọ̀ a sì kọjá kí ohun kan tó ṣẹlẹ̀.

Ìdáhùn tí ó máa ń yá àwa ọ̀mọ̀wé lẹ́nu ni pé ìpolówó ọjà ni ó gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ga, tàbí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò mọ ohun tí ó dára. Ìdáhùn méjèèjì kò tó. Kò sí olùpolówó ọjà tí ó rántí Ṣakí. Ìparí ọdún 2008 ni fíìmù rẹ̀ tó jáde, ìwé náà sì ti tàn ká kí ó tó di ìgbà náà. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni à ì rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rìn sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ìtàn òkú tí ń fẹ́ aya kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òkè-Ògùn. Ìlú tí ó sún mọ́ ẹnubodè ni Ṣakí. Yorùbá, Ìbàrìbá, Fúlàní àti Haúsá jọ ń ná ọjà níbẹ̀, ọ̀nà sì lọ láti ibẹ̀ dé orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àlejò tí a kò mọ ilé baba rẹ̀ kì í wọ́n. Gbogbo wa ni a sì mọ àkúdàáyà: ẹni tí ó kú láìtọ́jọ́, tí ó lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, tí ó ń ṣòwò, tí ó fẹ́yàwó, tí ó bímọ, títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí yóò dé, tí òun yóò sì pòórá. Nínú àwọn ìtàn àkúdàáyà tí wọ́n sọ fún mi ní kékeré, ọkọ rere ni ó sábà máa ń jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀ pé òkú ni òun ń gúnyán fún. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ̀kan rí tí ìyàwó náà fúnra rẹ̀ sọ. Àlejò tí ó dá ọkọ mọ̀ ni ó máa ń ròyìn. Bí ilé ọ̀hún ti rí lóru, àti ohun tí ìyàwó náà rí lára ọkọ rẹ̀ tí ó fi gbà á, ẹnikẹ́ni kò bi í.

Àlọ́ kan wà tí ó tún sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa ju èyí lọ, a sì ń pa irú rẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Arẹwà ọmọbìnrin kan kọ gbogbo ọkọ tí wọ́n mú wá fún un. Ó rí ọkùnrin kan lọ́jà tí ẹwà rẹ̀ pé pérépéré, ó sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n ti ń wọ inú igbó lọ ni ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara padà fún àwọn tí ó yá wọn lọ́wọ́ wọn, títí ó fi ku agbárí nìkan. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní ọdún 1920, tí kò lò ju bí ọdún mẹ́fà lọ ní ilé-ìwé, gbé àlọ́ yìí sínú The Palm-Wine Drinkard, tí Faber and Faber tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1952. Akéwì Dylan Thomas yìn ín nínú ìwé ìròyìn The Observer. Nílé níhìn-ín, ojú ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé àwọn òyìnbó yóò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ ìwé náà kò kú. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ọ́ di eré orí ìtàgé lédè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn tí kò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú Gẹ̀ẹ́sì Tutuola rí sì wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín. Bí ó bá jẹ́ pé gbólóhùn nìkan ni ó ń gbé ìwé ró, ìwé yìí ìbá ti wó. Eegun ìtàn tí ó wà nínú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wó.

Ohun kan wà nínú bí Tutuola ti pa àlọ́ náà tí mo fẹ́ kí a dúró tì. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ilé àwọn agbárí, wọ́n so owó ẹyọ kan mọ́ ọn lọ́rùn, owó ẹyọ náà sì sọ ọ́ di odi. Ọkùnrin akọni ni ó wá gbà á sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ọmọ náà fún ṣaya, òun náà ni ó sì ń ròyìn fún wa. Ìkìlọ̀ ni àlọ́ yìí jẹ́ lẹ́nu àwọn òbí: ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ yan ọkọ, agbárí ni yóò fẹ́. Ẹni tí a ń kìlọ̀ fún gan-an ni kò ní ohùn nínú rẹ̀.

Kí Tutuola tó kọ̀wé rárá ni ẹnì kan ti fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní ohùn nínú ìwé Yorùbá. Láti ọdún 1929 dé 1930, Isaac B. Thomas ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Lẹ́tà ni ó fi ṣe: obìnrin kan tí ó ti darúgbó, tí àìsàn àti ìṣẹ́ ti dè mọ́lẹ̀, ń kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti ti àwọn ọkùnrin tí ó bá kẹ́gbẹ́ ránṣẹ́ sí olóòtú. Ìròyìn rẹ̀ gba ìgboro. Àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí olóòtú, àwọn mìíràn sì gbà pé ẹni tí ó wà láàyè ni Ṣẹ̀gilọlá. Ní ọdún 1930, Thomas tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Bí a bá fi òṣùwọ̀n tiwa wọ̀n ọ́, àléébù rẹ̀ kò kéré. Àsọtúnsọ pọ̀ nínú rẹ̀, ìwàásù pọ̀, ẹkún sì pọ̀. Ọkùnrin ni ó sì kọ ọ́, tí ó fi ìrònúpìwàdà sí obìnrin náà lẹ́nu. Nítorí ìwàásù náà ni àwọn onílé fi lè gbé e sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n mo rò pé nítorí ìwàásù kọ́ ni wọ́n ṣe ń retí ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ohun tí wọ́n ń retí ni obìnrin tí ó ń wí pé, “Èmi ni mo yàn án, ohun tí mo sì rí nìyí.”

Ìgbà tí mo rántí Ṣẹ̀gilọlá ni Twilight tó yé mi. Bella ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí owó ẹyọ lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé òkú ni ọkùnrin náà, ó mọ̀ pé ó lè pa òun jẹ, ó sì ń sọ fún wa lójoojúmọ́ bí ó ti rí lára òun. Èkejì ni pé Edward ń kó ara rẹ̀ níjàánu. Agbárí inú àlọ́ kò kó ara rẹ̀ níjàánu rí. Ọmọbìnrin tí ó mọ̀ pé lọ́jọ́ kan wọn yóò mú òun lọ sí ilé tí òun kò mọ̀, lọ́dọ̀ ọkùnrin tí agbára rẹ̀ ju tòun lọ, ìbéèrè kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí kò lè bi ìyá, tí kò sì jẹ́ bi olùkọ́: ǹjẹ́ ẹni tí ó lè pa mí lára yóò dá mi sí nítorí pé ó fẹ́ràn mi? Àlọ́ dáhùn pé rárá. Ṣẹ̀gilọlá dáhùn pé ó dùn, ó sì korò. Twilight dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí irú ìbéèrè yìí ń jẹ lọ́kàn kò ní dúró ka iye ìgbà tí òǹkọ̀wé tún ọ̀rọ̀ kan sọ.

N kò sọ pé ìdáhùn náà tọ̀nà. Edward a máa yọ́ wọ yàrá Bella lóru láti wò ó bí ó ti ń sùn, òǹkọ̀wé sì pe èyí ní ìfẹ́. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá wọ yàrá ọmọ wa ní Ṣakí, igbe olè ni a ó ké. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí èmi olùkọ́ bá àwọn mẹ́sàn-án náà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti pe ìwé ní pàǹtí kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò bi mí bóyá kí a pa ẹwà èdè tì nígbà náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ìró òfì ni mo fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Àwọn àgbà ahunṣọ mọ iyì sányán, àlàárì àti ẹtù. Nígbà tí òwú dídán dé ní nǹkan bí ọdún 1970 sí i, tí aṣọ ṣáínṣáín gbòde, àwọn kan ní aṣọ òkè ti bàjẹ́. Oníbàárà kò bá wọn jiyàn. Aṣọ tí yóò tàn lójú agbo ni ó ń wá. Àwọn ahunṣọ tí mo mọ̀ tí ọjà wọn kò kú kò bú oníbàárà. Wọ́n bi í léèrè ohun tí ó rí lára aṣọ náà, wọ́n sì fi òwú dídán sí iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn ti mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí àwa tí ń kọ Yorùbá ṣe náà nìyẹn. A ní èdè tí ó dùn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí a ti ń fi í dáhùn ìbéèrè tí àwọn ọmọbìnrin wa kò bi wá.

Ní ìparí sáà náà, mo pe ọmọ náà, mo na ìwé rẹ̀ sí i. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, sà. N kò kà á mọ́.” Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ràn nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo so owó ẹyọ náà mọ́ ọn lọ́rùn. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní, pẹ̀lú orúkọ mẹ́sàn-án ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀.