Kókó Kì í Ṣe Jẹjẹrẹ

Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń pe gbogbo ohun tó bá hù sínú ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn ní jẹjẹrẹ. Etí gbọ́ jíjẹ nínú orúkọ yẹn, àyà aláìsàn á sì já. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ méníńjíómà àti ṣùwánómà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ń yọ níbẹ̀ kì í jẹ ara, wọn kì í sì í ràn lọ síbòmíràn. Ààyè ni wọ́n ń gbà mọ́ okùn ẹ̀yìn lọ́wọ́, títí ẹsẹ̀ ò fi ní lè gbé ara mọ́.

Àwọn kan ní ká pè é ní ìwú. N ò gbà. Ohun tó wú máa ń rọlẹ̀, a kì í sì í rí ibi tó parí sí. Kókó ni tèmi. Ẹ wo kókó ara igi: ara igi náà ló ti hù, ó le, ojú sì rí ààlà rẹ̀. Ẹni tó ta kókó tún lè tú u. Ìrètí wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, iṣẹ́ abẹ, eegun ẹ̀yìn, awọ líle tó bo okùn ẹ̀yìn: kò sí ìjà nínú ìwọ̀nyí. Méníńjíómà àti ṣùwánómà, ẹ jẹ́ ká yá wọn. Orúkọ Schwann, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì, ni ìkejì gbé dání.

Okùn gan-an ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ mùdùnmúdùn, orúkọ ohun tí à ń fà mu nínú eegun. Wọ́n ní ẹ̀rí: myelos kan náà ni àwọn Gíríìkì fi pe méjèèjì, medulla sì ni Látìnì fi pè wọ́n. Orúkọ náà jinlẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí tí dókítà ń gba mùdùnmúdùn eegun ẹnì kan fún ẹlòmíràn, ilé ìwòsàn kò lè fi orúkọ kan pe nǹkan méjì. Okùn ẹ̀yìn ló yẹ.

Lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹfà ọdún 1887, nígbà tí oníṣẹ́ abẹ Victor Horsley yọ kókó inú ọ̀pá ẹ̀yìn ní Lọ́ńdọ̀nù, kò bá a níbi tó kọ́kọ́ ṣí. Ìgbà tó tún yọ eegun sí i lókè ló rí i. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí orúkọ máa sọ ibùgbé: kókó òde awọ, kókó abẹ́ awọ, kókó inú okùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìkẹta á mọ̀ láìbéèrè pé abẹ gbọ́dọ̀ wọnú okùn fúnra rẹ̀.