Delphinium àti Ilẹ̀ Festac: Ohun Tí Ìtàn Kọ́ Àwa Tó Ń Gbin Òdòdó Tà

 

Ìbéèrè kan ń wá lemọ́lemọ́ látọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Festac àti Amuwo-Odofin. Oníbàárà á dé, á fi fọ́tò hàn yín lórí fóònù: òdòdó aláwọ̀ aró, tó ga bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó to ara rẹ̀ jọ sókè bí ṣírí ọkà. Ó rí i lọ́gbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Delphinium ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹ bá òun wá a, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí hóró rẹ̀ pé kò ní wàhálà, pé ọdọọdún ló ń padà yọ. Ṣé ká rà á?

Ìdáhùn kúkurú: ẹ má rà á. Èyí tó gùn wà nínú ìtàn, òun ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa tà fún oníbàárà yẹn dípò rẹ̀, kí owó rẹ̀ má bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Orí àwọn òkè tútù ní Yúróòpù àti Éṣíà ni àwọn baba ńlá delphinium inú ọgbà ti wá. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, Victor Lemoine ní ìlú Nancy, ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tó ń da oríṣi kan pọ̀ mọ́ òmíràn kí òdòdó rẹ̀ lè tóbi sí i. Nígbà tó yá, àwọn ará England gbà á kanrí, ilé iṣẹ́ Blackmore & Langdon tó bẹ̀rẹ̀ ní 1901 sì di olókìkí nídìí rẹ̀. Ní California, Frank Reinelt mú ìran tí wọ́n ń pè ní Pacific Giants jáde. Gbogbo wọn, ibi tí òtútù wà ni wọ́n ti ṣe é. Tí ìgbà òtútù bá dé, gbogbo ewé rẹ̀ á kú, gbòǹgbò á sùn sínú ilẹ̀. Oorun yẹn gan-an ló ń fún un lágbára láti tún yọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Tí ìwé wọn bá sọ pé òdòdó kan le, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé òtútù ò lè pa á. Wọn ò sọ pé ooru ò lè pa á o! Hóró delphinium fẹ́ ilẹ̀ tó tutù, bíi 13 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tí ooru bá ti kọjá 24, púpọ̀ nínú wọn kì í hù mọ́. Ní Èkó ńkọ́? Lóru ọyẹ́ pàápàá, ooru wa kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ ju 20 lọ. Ẹ wá fi ilẹ̀ Amuwo kún un: yanrìn níbí, àbàtà lọ́hùn-ún, omi ò jìnnà sójú ilẹ̀, òjò oṣù kẹfà sì ń dúró síbi tó bá rọ̀ sí. Gbòǹgbò delphinium ò fẹ́ omi tó dúró, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Kì í ṣe pé ó kórìíra Áfíríkà. Oríṣi delphinium kan wà tó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ àwọn òkè gíga Kenya. Gíga òkè ló fún un ní òtútù tó ń wá. Festac ò ní òkè.

Irú àṣìyàn báyìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní 1887, nígbà tí Alfred Moloney jẹ́ gómìnà Èkó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ibùdó ohun ọ̀gbìn sílẹ̀ ní Ebute Metta. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láàárín àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gba irúgbìn láti ilẹ̀ òkèèrè, kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì pín èyí tó bá ṣe dáadáa fún àgbẹ̀. Kòkó àti kọfí wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú owó ńlá wọlé lójijì kò ti òkèèrè wá. Igi ìrẹ́ inú igbó wa ni. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé oje rẹ̀ ń di rọ́bà, ní 1895 nìkan, rọ́bà tó ju 5,000,000 pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ ló gba Èkó jáde. Kò pẹ́ náà ló bàjẹ́: wọ́n ha àwọn igi náà láhàjù, wọ́n kú lọ rẹpẹtẹ, kò sì sẹ́ni tó gbin òmíràn tó láti rọ́pò wọn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé yín kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ sókè òkun. Tẹ́ ẹ bá sì rí ohun tó ń tà, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ kẹ́ ẹ tó kó o tán.

Àwọn òdòdó tó ti di onílé lọ́dọ̀ wa ń jẹ́rìí sí i. Pèrègún àti akòko wà ńlẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Àwọn baba wa ń fi pèrègún ṣe ààlà ilẹ̀, ewé akòko sì ni wọ́n ń fi jẹ oyè. Nínú àwọn tó jẹ́ àlejò, bougainvillea àti allamanda wá láti Brazil, ixora láti gúúsù India àti Sri Lanka, croton láti àwọn erékùṣù Éṣíà àti Pacific, flamboyant láti Madagascar. Ilẹ̀ olóoru ni gbogbo wọn ti wá, ìyẹn ni wọ́n ṣe jókòó.

Festac fúnra rẹ̀ ló wá sọ òdòdó di ọjà láyìíká wa. Wọ́n dá àjọ Federal Housing Authority sílẹ̀ ní 1973, wọ́n sì kọ́ ilé tó ju 5,000 lọ fún àwọn àlejò àjọ̀dún tó wáyé láti January 15 sí February 12, 1977. Lẹ́yìn àjọ̀dún, wọ́n fi ìbò pín ilé fún ará ìlú. Wọ́n ti to ìlú náà ní avenue, road àti close, iwájú ilé sì ní àyè. Níbi tí àyè bá wà níwájú ilé, ẹnì kan á fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀, ẹlòmíràn á sì rí jẹ nídìí rẹ̀.

Ó dáa, kí lẹ máa tà fún ẹni tó fẹ́ òdòdó aláwọ̀ aró?

Àkọ́kọ́ ni Thunbergia erecta. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Òdòdó rẹ̀ jẹ́ aró tó sún mọ́ àlùkò, inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì pọ́n bí ẹyin. Ó dára fún ọgbà tí wọ́n ń gé. Èkejì ni plumbago, láti gúúsù Áfíríkà, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹ̀kẹta ni angelonia, láti Mexico àti agbègbè Caribbean. Òun ló jọ delphinium jù ní ìdúró, torí òdòdó rẹ̀ ń tò sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ga tó o. Ẹ sọ òtítọ́ fún oníbàárà pé wọn kì í ṣe delphinium. Ẹ fi èyí tó ti yọ òdòdó hàn án, ojú rẹ̀ á bá yín tà á.

Bẹ́ ẹ ṣe máa sọ Thunbergia di púpọ̀ nìyí. Ẹ gé ẹ̀ka tí kò rọ̀ jù, tí kò sì gbó jù, bí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ kì í bọ yanrìn tútù lábẹ́ ìbòji. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ó yẹ kó ti ta gbòǹgbò. Ẹ wá gbé e sínú náílọ́ọ̀nù dúdú: iyẹ̀pẹ̀ òkè ìlẹ̀ ìdá mẹ́ta, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà ìdá méjì, yanrìn odò ìdá kan. Níbi tí omi bá ń dúró, ẹ kọ ebè sókè kẹ́ ẹ tó gbìn ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra hóró delphinium ńkọ́? Ẹ má tún ra òmíràn sí i. Ẹ má sì dà á síbi tí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé máa dé, torí májèlé wà nínú rẹ̀ látorí hóró dé gbòǹgbò. Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ tó ń hù nínú pápá máa ń pa màlúù.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀pọ̀ yín, etí títì lẹ wà, ilẹ̀ tí kì í ṣe tiyín. Láti 2009 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ títì Badagry lójú, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó wà létí títì lè gbérù lọ́jọ́kọ́jọ́. Ẹ má kó gbogbo igi ìyá yín síbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ nínú wọn pamọ́ sẹ́yìnkùlé tàbí lọ́dọ̀ ẹnì kejì yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kúrò lónìí, igi ìyá yẹn lẹ máa gé ẹ̀ka lára rẹ̀ lọ́la, tí ọjà á fi tún bẹ̀rẹ̀.