Ìyá Elélùbọ́: Ìyàwó Àgbẹ̀ Tó Di Ọmọ Ẹgbẹ́ Wa

Bí ẹgbẹ́ bá ń ṣe ọdún, orúkọ ààrẹ àti akápò la sábà máa ń tò. Lọ́dún yìí, a fẹ́ sọ ti ìyá kan tí kò jẹ oyè kankan. Ìyá Elélùbọ́ ni gbogbo ọjà ń pè é, ohun tí àwa náà máa pè é nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó máa ń sọ pé òun ti ń pọn omi kí ogun Hítílà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ọmọdébìnrin ni nígbà tí àrùn tó ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú yọjú ní àgbègbè Ìbàdàn ní 1944, tí ìjọba òyìnbó wá ń gé igi olóko lulẹ̀. Abúlé kan lọ́nà Akànràn ni wọ́n fi í fọ́kọ sí. Àkọ́bí rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní January 1955.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí iṣẹ́ kòkó ṣe rí, torí àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ju èyí tí wọ́n ń pò mu láàárọ̀ lọ. Ọkùnrin ló ń já a lórí igi. Ìyàwó àti ọmọ ló ń kó o jọ, tí wọ́n ń yọ hóró rẹ̀. Wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, lẹ́yìn náà wọ́n á sá a. Bí òjò bá ṣú, ìyàwó ló ń sáré lọ kó o. Bí ó bá gbẹ, orí ìyàwó ló ń gbé e dé ibi òṣùwọ̀n. Orúkọ baálé ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, ọwọ́ baálé lowó ń bọ́ sí. Ẹ̀kùrọ́ tó ń pa lálẹ́ àti èlùbọ́ tó ń tà ni owó tirẹ̀. Níbẹ̀ ló ti ń ra aṣọ ilé ìwé.

Ẹ wo Ilé Kòkó tó dúró lé wa lórí ní Dùgbẹ̀ níbí. Alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Iná jó o ní January 9, 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní 1992. Owó àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, gbogbo èèyàn ló mọ̀. Ìyá máa ń sọ pé ọrùn òun wà nínú ilé yẹn.

Nígbà Àgbẹ́kọ̀yà, 1968 sí 1969, àwọn ọkùnrin sá wọ igbó nítorí owó orí. A mọ orúkọ Tàfá Adéoyè, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé oúnjẹ wọ igbó lóru? Ìyá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

Ibi tó dùn wá jù ni ikú ọkọ rẹ̀. Ìdí-igi ni ẹbí fi pín oko, ìyẹn ni pé iye ìyàwó ni wọ́n fi pín in. Àṣà àtayébáyé ni, ilé ẹjọ́ àgbà ní London pàápàá fọwọ́ sí i ní 1962 nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé. Ẹ gbọ́ o: ìyá ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó pín ogún, àmọ́ ìyá kì í jogún. Àwọn ọmọ ló ni ín. Ẹni tó gbé kòkó náà fún ogún ọdún ó lé kò ní igi kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ó di ẹrù rẹ̀, ó kọrí sí Dùgbẹ̀ pẹ̀lú àpò èlùbọ́ méjì. Lọ́jọ́ tó wọ ẹgbẹ́, akọ̀wé ìgbà náà bi í pé orúkọ wo ni kí òun kọ, ṣé ti ọkọ ni. Ó ní rárá o, èyí tí bàbá òun sọ òun ni kí wọ́n kọ. Ó tẹ ìka sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kò sì jẹ wá ní kọ́bọ̀ rí. Owó yẹn ló fi ra ilẹ̀ tó kọ́ ilé sí.

Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kó tó lọ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wà ní ìsọ̀ rẹ̀ báyìí. Rìsíìtì ilẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ìyá nìkan ló wà lórí rẹ̀.