Akú: Orúkọ tí Ìkíni Sọ Wá

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń fetí sí wa nílé, mo kí yín o. Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìsinmi. Ẹ má ṣe rò pé mo kàn ń kí yín lásán ni. Nínú ìkíni yìí gan-an ni ìtàn wa ti òní wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan láti ilẹ̀ Èkìtì wọ kíláàsì tí mo ń kọ́. Mo ní kí ó dìde, kí ó sọ fún wa bí ilé wọn ti rí. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀, ó pe ilé ní “ulé”, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ará oko!” Ọmọ náà jókòó, kò sì tún la ẹnu rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ti rẹ́rìn-ín kí n tó kó ara mi níjàánu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ìtàn yìí fún gbogbo kíláàsì tí mo bá ń kọ́.

Ní ọdún 1821, ogun dé sí Òṣogùn, ìlú kan ní apá Ìsẹ́yìn. Nínú àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni ọmọdékùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àjàyí. Àwọn Fúlàní wà nínú ọmọ ogun náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí èdè wọn kò yàtọ̀ sí èdè ìyá Àjàyí. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a ti kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti fi òfin de òwò ẹrú láti ọdún 1807, gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé ní àkókò náà, Ẹ̀gbá kò pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, Ìjẹ̀bú kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Èkìtì kò sì mọ̀ ọ́n sí orúkọ rẹ̀. Àwọn Hausa ni wọ́n ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan ní Timbuktu, Ahmad Baba, sì ti dárúkọ náà nínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1615. Nílé, ìlú baba ẹni ni ènìyàn mọ̀. Ará ìlú kejì lè di ọ̀tá lọ́la, a sì lè tà á.

Nígbà tí wọ́n dé Freetown, wọ́n bá àwọn ènìyàn dúdú mìíràn níbẹ̀. Àwọn kan ti Nova Scotia dé ní ọdún 1792, àwọn kan ti Jàmáíkà dé ní ọdún 1800. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń wọ aṣọ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ ẹrú rí, tàbí kí ó jẹ́ pé ẹrú ni baba wọn. Síbẹ̀, wọ́n fi ojú tín-ín-rín wo àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó bọ̀ láti inú ọkọ̀. Ẹ ò rí i? Ẹni tí a gàn lánàá ni ó ń gan ẹlòmíràn lónìí.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Freetown ṣàkíyèsí ohun kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí bá pàdé èkejì, yálà Ọ̀yọ́ ni tàbí Ẹ̀gbá, “ẹ kú” ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọjà, ẹ kú ewu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe sọ gbogbo wọn ní Akú. Àwọn tí ìbá máa ta ara wọn nílé wá gbọ́ orúkọ kan ṣoṣo tí a ń pè wọ́n, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń dá owó jọ, àwọn kan tilẹ̀ ra ọkọ̀ ẹrú tí ìjọba gbà, wọ́n sì fi í ṣòwò. Láti ọdún 1839 ni àwọn kan nínú wọn ti ń wọ ọkọ̀ padà wá sí Badagry àti Abẹ́òkúta.

Àjàyí náà padà, ṣùgbọ́n ó ti di Samuel Ajayi Crowther, àlùfáà. Ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Afala, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè wa jáde ní ọdún 1843, ó sì fi Yorùbá pe èdè náà. Òyìnbó Koelle, tí ó kó ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ jọ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1854, kò fara mọ́ ọn pé kí a fi orúkọ Ọ̀yọ́ pe gbogbo Akú. Síbẹ̀ orúkọ náà dúró. Nígbà tí gbogbo Bíbélì parí ní ọdún 1884, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà ń ka ìwé kan náà. Èdè Ọ̀yọ́ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, “ulé” kì í ṣe àṣìṣe. Ìwé ni kò gbà á wọlé.

Ǹjẹ́ orúkọ kan ṣoṣo pa ìjà? Rárá o. Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, kò sì tán pátápátá títí di ọdún 1893. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1886, tí a wá ẹni tí yóò gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà lọ sí ibùdó méjèèjì, àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ni a rán. Ilẹ̀ Sàró ni a bí Johnson sí, láàárín àwọn Akú. Òun náà ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Crowther pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn. A fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ ẹ́. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí kò tó ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ orí gba iṣẹ́ mọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ tí ọdún 1891 parí. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, a ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ẹ̀gàn ẹ̀yà kì í bá ènìyàn wáyé, ẹnu àgbà ni ọmọdé ti ń gbọ́ ọ. Bí Ẹ̀gbá àti Ọ̀yọ́ bá lè kọ́ láti jẹ́ ọ̀kan, a jẹ́ pé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà tán sí ẹnu ibodè Yorùbá. Bí a bá fi orúkọ Yorùbá mọ odi, tí a wá ń fi ẹnu ẹ̀gàn pe Hausa ní Gàǹbàrí, tí a ń fi Ìgbò ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí wọ́n ṣe sí Akú ni àwa náà ń ṣe yẹn.

Lọ́la, bí ẹ bá dé ilé-ìwé, kí olúkúlùkù yín bi ọmọ tí ó jókòó tì í pé, “Báwo ni wọ́n ti ń kí ènìyàn nílé yín?” Kí ó kọ́ ọ, kí ó sì fi kí i.